Ẹni Tó Gé Pátánù Mọ́tò Onírin

Gbólóhùn kan péré ló bí Ògúndípẹ̀ nínú. Ó rí i nínú ìwé ìròyìn àtijọ́ kan, lábẹ́ fọ́tò tó ti ṣú: "A kò mọ ẹni tó ronú gbé ọkọ̀ yìí kalẹ̀." Lọ́rì ni ọkọ̀ náà, tí wọ́n fi irin bò láti imú dé ìdí láàárín ogun àgbáyé méjèèjì, nílùú Èkó níbí, kí òkò àti ọta má baà ba àwọn ọlọ́pàá tó wà nínú rẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe. Ògúndípẹ̀ ti fi ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ ilé ìwé ní àwòrán ẹ̀rọ kó tó fẹ̀yìn tì sílé rẹ̀ ní Festac, kò sì sí ohun tó ń bí i nínú tó kí èèyàn ṣiṣẹ́ kí wọ́n má kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Ó ní òun máa wá orúkọ náà rí.

Ó wá a fún ọdún mẹ́ta. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e dé Kuje tó wà nítòsí Festac nígbẹ̀yìn, sí ilé àwọn ọmọ Àmúsà, alágbẹ̀dẹ tó kan irin náà mọ́ lọ́rì.

Àlàájì Sùlàímọ́nù, àkọ́bí Àmúsà, ló gbà á lálejò. Ọjọ́ orí rẹ̀ ti lé ní àádọ́rùn-ún, àmọ́ ohùn rẹ̀ ṣì le koko. Ògúndípẹ̀ gbé fóònù sórí tábìlì láti gba ohùn náà sílẹ̀. Àlàájì ní bàbá àwọn nìkan ló ronú gbé e kalẹ̀, bàbá àwọn nìkan ló ṣe é, kò sẹ́ni tó ràn wọ́n lọ́wọ́. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, Ìyá Àmínát, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ọmọ ìyàwó kékeré Àmúsà lòun.

"Bọ̀dá, ìyá mi náà..."

"Ìyá Àmínát, èmi ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀."

Ògúndípẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. "Ẹ má bínú, mà, ẹ jẹ́ kí Àlàájì parí." Ṣé òun àlejò ló máa wá já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu olórí ilé nínú pálọ̀ ara rẹ̀ ni?

Nígbà tó ń lọ, Ìyá Àmínát sìn ín dé ẹnu géètì. Fóònù ti wà nínú àpò rẹ̀ nígbà náà. Obìnrin náà di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Tíṣà, ẹ gbọ́. Aránṣọ ni ìyá mi. Nígbà tí etí irin yẹn ò pàdé fún bàbá mi, ìyá mi ló gé bébà àpò sìmẹ́ǹtì, ló ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara lọ́rì. Ibi tó bá ti fẹ̀ jù, wọ́n á ká a wọlé. Bébà yẹn ni bàbá mi gbé lé orí irin tí wọ́n fi gé e. Mọ̀nsúrát lorúkọ wọn. Ẹ máa kọ ọ́ síwèé, àbí?"

"Màá kọ ọ́, mà."

Ó délé, kò kọ ọ́. Kò ní nǹkan kan sí obìnrin náà o. Ó kàn rò ó pé ọ̀rọ̀ orogún ni, pé ọmọ ìyàwó kékeré fẹ́ gbé ìyá rẹ̀ ga. Ó ní tó bá di ọjọ́ Jímọ̀, òun á padà lọ bi í dáadáa. Jímọ̀ yẹn kọjá, òmíràn kọjá, ó sì kọ ìwé rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, ó tẹ ọ̀ọ́dúnrún ẹ̀dà, ó pín wọn káàkiri ilé ìkàwé, ó fi mẹ́wàá ránṣẹ́ sí Àlàájì. Àmúsà nìkan ló wà nínú rẹ̀.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, Dennis, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Satellite Town tó máa ń kó fọ́tò àtijọ́ jọ, fi fọ́tò mìíràn ránṣẹ́ sí i. Èyí mọ́ gaara, mọ́tò náà sì kún inú rẹ̀. Ìyàwó Ògúndípẹ̀, Ẹ̀bùnlọlá, tó ń ṣiṣẹ́ télọ̀, gbé tíì wá bá a nídìí kọ̀ǹpútà, ó sì tẹjú mọ́ fọ́tò náà.

"Ta ló gé eléyìí, tó sì rán an?"

"Mọ́tò ni. Irin ni."

"Mo rí i pé irin ni, Bàbá Adéyọ̀sọ́lá. Ẹ wo imú ẹ̀. Dáàtì lèyí, méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì, bá a ṣe máa ń ká aṣọ wọlé lábẹ́ àyà kó lè gba ara. Alágbẹ̀dẹ kọ́ ló gé èyí. Télọ̀ ni."

Tíì náà tutù síwájú rẹ̀. Ojú tì í débi pé kò lè sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé wọ́n ti sọ fún òun tẹ́lẹ̀, pé ẹnìkan ti di òun lọ́wọ́ mú nítorí ọ̀rọ̀ náà.

Ní ọjọ́ kejì, ó wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí Kuje láti lọ tọrọ àforíjì. Ó to ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ lọ́kàn: mo ṣẹ̀ yín, n kò kọ ọ́, mi ò gbà yín gbọ́. Àlàájì ti jáde. Ìyá Àmínát nìkan ló wà lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìwé náà wà lórí itan rẹ̀ nínú ọ̀rá, kò sí ẹni tó tíì ṣí i.

"Mo mọ̀ pé ẹ máa wá," ó ní. "Wọ́n fẹ́ kà á fún mi, mo kọ̀. Mo ní ẹni tó kọ ọ́ ló máa kà á sí mi létí. Ẹ bá mi ka ibi tí ẹ kọ ìyá mi sí."

Ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kó sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè rẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin náà ti tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó ti jókòó dáadáa, ó ń wo ẹnu rẹ̀. Ògúndípẹ̀ ṣí ìwé sí ojú ewé kọkànlá, níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti ń sọ pé Àmúsà nìkan ló ronú gbé mọ́tò náà kalẹ̀, ó sì ń fi Yorùbá sọ pé:

"Mọ̀nsúrát, aránṣọ, ìyàwó Àmúsà, ló fi bébà gé pátánù mọ́tò yìí. Ọpẹ́lọpẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni irin náà fi pàdé."

Ìyá Àmínát sún mọ́ ọn sí i. "Ẹ tún un kà."

Ó tún un kà. Òógùn bò ó bó ṣe ń sapá láti rántí gbólóhùn tí kò sí níwájú rẹ̀, kó má baà yí ọ̀rọ̀ kan padà.

"Nígbà tí ìyá mi ń kú lọ, wọ́n ní kí n má jẹ́ kó sọnù," ni obìnrin náà sọ, ó ń fi etí ìborùn nu ojú. "Mo ti rò pé ó sọnù." Ó wá ń ṣàdúrà fún un, fún ìyàwó rẹ̀, fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ògúndípẹ̀ ń ṣe àmín, ó sì ń wu ú kó dákẹ́.

"Ẹ bá mi ká etí ojú ewé yẹn, kí n lè máa rí i."

Ó ká a. Ó dágbére, ó bọ́ síta.

Ní ẹnu géètì ló ti pàdé Bukky, ọmọ-ọmọ ìyá náà, tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà. Ṣé ẹ ti kà á fún wọn? Grandma ò jẹ́ ká fọwọ́ kàn án látijọ́ yìí."

"Mo ti kà á."

"Ẹ ṣé gan-an, sà. Ó ti di iṣẹ́ mi nìyẹn, ojoojúmọ́ ni wọ́n á máa ní kí n tún un kà."

Ògúndípẹ̀ la ẹnu láti dá a dúró. Ohun tó jáde ni, "Bá mi kí Àlàájì tí wọ́n bá dé." Ó yà fún un lọ́nà. Bukky wọlé, Ògúndípẹ̀ sì ń gbọ́ ohùn ìyá arúgbó náà láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó ń pè é pé kó yá, kó wá ka ọ̀rọ̀ ìyá àwọn, tíṣà ti ká ojú ewé náà sílẹ̀ fún un.