Omi Àlejò Ìlú Olókè

Ọkọ̀ já mi sílẹ̀ ní ẹnubodè ìlú kan tí àwọn òkè ibẹ̀ ń rìn. Wọn kì í sáré. Wọ́n kàn ń sún mọ́ mi díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ wo ojú àlejò dáadáa. Èmi nìkan sì ni àlejò. Ìkùukùu ò ga ju orúnkún mi lọ. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tutù, ó ń run bí ewé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já. N ò tíì rí ibi tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí, síbẹ̀ ọkàn mi ò balẹ̀.

Obìnrin kan tó síngbọnlẹ̀ ni aṣọ́bodè wọn. Ó mú mi wọ yàrá rẹ̀, ó gba ìwé ìrìnnà mi, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó fi gìgísẹ̀ lù ú ní òǹtẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀ o, bàbá," ó ní. "Ó pẹ́ tí a ti rí àlejò kẹ́yìn. Wọ́n ní ọ̀nà wa ti ga jù. Kí lẹ wá wò?"

Mo ní màmá mi ni. Oko ni mo wà nígbà tó kú, a ò dágbére. Wọ́n sọ fún mi pé òkè tó ga jù níbẹ̀ ló ń gbé.

"Ó wà níbẹ̀. Àmọ́ ẹni tí kò bá mu omi àlejò, òkè wa kì í gbé e dókè."

Mo ní kó bu omi wá. Ó ní òun kọ́ ló ń bu ú.

Yàrá tí a wà di ojú ọ̀nà. Oyèdìran, àbúrò mi tó ti kú, ló dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ife omi. Ó ti hu irùngbọ̀n, ṣùgbọ́n aṣọ ilé-ìwé mi ló wọ̀, èyí tí wọ́n bọ́ lọ́rùn mi ní ìwé kẹrin nígbà tí wọ́n ní kí n fi ilé-ìwé sílẹ̀ fún un, tí wọ́n fi wọ òun. Láti ọjọ́ náà n ò mu omi lọ́wọ́ rẹ̀ títí ó fi kú.

Ó dọ̀bálẹ̀. Omi ò dà.

"Bọ̀dá mi, ẹ mu omi."

"Òùngbẹ ò gbẹ mí."

"Irọ́ ló ń pa," òkè kan wí lẹ́yìn mi. "Ẹ wo ètè rẹ̀ bó ṣe là."

Mo gba ẹ̀gbẹ́ Oyèdìran kọjá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè. Mo ń wo ilé màmá mi lókè, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí, èéfín ń jáde. Bí mo bá gbé ẹsẹ̀, òkè náà á ga sí i. Mo wọ yàrá kan tí mo rò pé tirẹ̀ ni. Yàrá náà tì mí jáde, mo tún bá ara mi níwájú Oyèdìran. Mo gba ọ̀nà mìíràn, òkè méjì fara kan ara wọn, wọ́n dí i. Àwọn tó kù wá jókòó yí wa ká bí ará àdúgbò tó ń wòran ìjà.

"Orí bàbá yìí le ju òkúta wa lọ," ọ̀kan nínú wọn wí. Wọ́n rẹ́rìn-ín, òkúta ń já bọ́ lẹ́nu wọn.

Lókè, ilẹ̀kùn màmá mi bẹ̀rẹ̀ sí í padé.

"Ẹ mu ún, bọ̀dá mi," Oyèdìran wí. "N ò ní wò yín."

Ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó na ife náà sẹ́yìn. Àwọn òkè náà kọ ẹ̀yìn. Nígbà tí kò sí ẹni tó lè jẹ́rìí pé mo mu ún, mo gba ife, mo mu. Omi náà ta mí léyín. Gbogbo òkè dúró jẹ́ẹ́. Ilẹ̀kùn dúró láìtíì padé tán.

"Ẹ ṣé, bọ̀dá mi," Oyèdìran wí, kò yíjú padà. Ó ti gbọ́ ìró ọ̀fun mi.

Inú bí mi. Mo tu èyí tó kù lẹ́nu mi dà sílẹ̀.

Omi náà ò ṣàn lọ sísàlẹ̀. Òkè kankan ò gbé mi, omi náà ló ṣe tín-ín-rín, tó ń gun òkè lọ, ó gba àárín ẹsẹ̀ àbúrò mi kọjá títí ó fi dé ẹnu ilẹ̀kùn. Màmá mi jáde. Kò wo ọ̀dọ̀ wa. Ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì ń fi omi náà fọ ẹsẹ̀ rẹ̀.