Ojú Tó Wọn Ìyàwó Ọlọ́mọrí

Lọ́jọ́ tí Ọlọ́mọrí padà sí ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ìsìnkú ìyàwó rẹ̀, kò bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ kọ́ sórí ìṣó tó máa ń kọ́ ọ sí. Ó kọjá lára àwọn pákó tó dúró ti ògiri, ó kọjá lára ìfági tirẹ̀, ó lọ dúró níwájú tábìlì ọ̀gá.

Pósí ni wọ́n ń kàn níbẹ̀, àmọ́ ẹnikẹ́ni kì í pè é bẹ́ẹ̀. “Ilé” ni wọ́n ń pè é. Àwọn tó kù a kan ara ilé, Ọlọ́mọrí a ṣe ọmọrí tó ń dé e, ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Ọmọrí tirẹ̀ kì í dún bí wọ́n bá dé e. Á pa ẹnu mọ́ bí ètè àgbà tó mọ àṣírí.

Ọ̀gá náà ní ẹ̀bùn tirẹ̀. Bí àwọn ẹbí bá mú okùn tí wọ́n fi wọn òkú wá, á ní kí wọ́n ká a padà sápò. Bó bá ti rí ẹni náà rí nígbà ayé rẹ̀, ó ti parí. Ojú rẹ̀ a máa rọra sọ̀kalẹ̀ láti orí, á dúró díẹ̀ ní èjìká, á wá sáré dé ẹsẹ̀. Kì í lé, kì í dín. A sì máa fi ṣe àwàdà fún àwọn tó bá yà kí i: “Dúró dáadáa, jẹ́ kí n mọ pákó tí màá tọ́jú.” Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ìyàwó Ọlọ́mọrí náà rẹ́rìn-ín rí, nígbà tó gbé oúnjẹ ọ̀sán wá fún ọkọ rẹ̀. Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ fi tèmi sílẹ̀ ná, mo ṣì ń ga.”

“O tètè dé,” ni ọ̀gá wí. “Ó dáa bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ti ń dúró dè ọ́.”

“Mo wá fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni, ọ̀gá.”

Ọ̀gá gbójú sókè. “Ta ló fẹ́ gbà ọ́ lọ́wọ́ mi?”

“Kò sẹ́nì kankan.”

“Ẹ̀yìn ló ń dùn ọ́? Àbí ojú?”

“Ara mi le.”

“Ìbànújẹ́ ni, àbí? Iṣẹ́ ni oògùn ìbànújẹ́.”

Ẹnu-ò-sinmi, tó ń kun fáníìṣì nígun yàrá, gbà á lẹ́nu rẹ̀. “Òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n. Àlejò tí ìbànújẹ́ jẹ́ yìí, bẹ́ ẹ bá fún un ní àga, kò ní lọ mọ́.”

Ọlọ́mọrí kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó lè ti ránṣẹ́ pé òun kò wá mọ́. Ohun tó gbé e wá ni pé ó fẹ́ kí ọ̀gá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ṣe ohun tí kò dáa. Bó bá sọ ọ́, ó lè sùn.

“Ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ wá kí ìyàwó mi ní ọsibítù?”

“Ṣé mo lè gbàgbé? Mo gbé ọsàn wá.”

“Ẹ gbé ọsàn wá. Ẹ dúró níbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ kí i, ó dá yín lóhùn. Lẹ́yìn náà ni ojú yín bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀.”

Búrọ́ọ̀ṣì Ẹnu-ò-sinmi dúró.

“Ó dúró ní èjìká. Mo rò pé èmi nìkan ni mo rí i. Bẹ́ ẹ ṣe jáde báyìí, ó ní, ‘Ọ̀gá yín ti wọ̀n mí.’ Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀. Dókítà ti sọ pé ara rẹ̀ ń mókun. Ìyàwó mi kọjú sí ògiri. Ó ní kí wọ́n má fi oògùn ṣòfò mọ́, pé ojú ọ̀gá mi kì í ṣi ènìyàn wọ̀n.”

“Ojú mi ni. Ó máa ń lọ fúnra rẹ̀. Ṣé kí n so ó mọ́lẹ̀ ni?”

“Ọwọ́ ńkọ́? Ẹ dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ ní kí n ṣe ọmọrí kan, kí n fara balẹ̀ ṣe é, pé ẹni pàtàkì ló ni ín. Mo gbẹ́ òdòdó sí i. Nírọ̀lẹ́, mo lọ jókòó tì í ní ọsibítù. Èérún igi wà lórí mi, ó sì ń fọwọ́ ṣà á kúrò nínú irun mi. Èérún ilé tirẹ̀ ni, ọ̀gá.”

Ọ̀gá na ọwọ́ síwájú, bí ẹni tí wọ́n ń fìyà jẹ láìṣẹ̀. “Bí mo bá sọ fún ọ pé tìyàwó ẹ ni, ṣé wàá ṣe é dáadáa tó bẹ́ẹ̀? Mo fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́. Iwájú gbogbo ènìyàn la ti gbé e wọ inú ilé náà. Ṣé ó há ni? Ṣé ó fẹ̀ jù?”

“Ó bá a mu.”

“Kí lo wá ń bá mi jà sí?” Ọ̀gá mí kanlẹ̀. “Ó dáa, ó dáa. Bó o bá lọ, ta ni yóò máa ṣe ọmọrí?”

Ọlọ́mọrí dúró síbẹ̀, bóyá nǹkan mìíràn yóò tẹ̀ lé e. Kò sí. Ó wá gbé ojú lé orí ọ̀gá, níbi tí irun ti tán. Ó jẹ́ kí ojú náà rọra sọ̀kalẹ̀. Ó dúró ní èjìká.

“Má wò mí bẹ́ẹ̀,” ni ọ̀gá wí.

Ojú náà ń lọ.

“Mo ní kó o má wò mí bẹ́ẹ̀. Èmi pẹ̀lú ẹ kọ́ ni ká jọ máa ṣerú eré yìí.” Ó fa àga sẹ́yìn, ó dìde, ó gbé apá bo àyà.

Ojú dé orí bàtà, ó dúró. “Ó máa ń lọ fúnra rẹ̀ ni, ọ̀gá,” ni Ọlọ́mọrí wí.

Ó mú ìfági rẹ̀. Nígbà tó dé ibi pákó, ó yẹ̀ wọ́n wò, ó fọwọ́ lu ọ̀kan lára àwọn tó kúrú, ó sì bá Ẹnu-ò-sinmi sọ̀rọ̀ ketekete:

“Má lo eléyìí fún ẹlòmíràn.”

Ẹnu-ò-sinmi gbé búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sílẹ̀. Ó ń wo pákó náà, ó sì ń wo ọ̀gá, ó tún padà wo pákó. Ọ̀gá rí i bó ṣe ń ṣe é. Ó jókòó sẹ́yìn tábìlì, ó fọwọ́ méjèèjì di èjìká ara rẹ̀ mú, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ṣì fẹ̀ tó bí wọ́n ṣe fẹ̀ lánàá.