Ibùba Pẹ́pẹ́yẹ

Nígbà tí Jemima ìyàwó Olúbọ̀dé kú, gbogbo àdúgbò wọn ní Òkukù ló sunkún, àfi Olúbọ̀dé. Kì í ṣe pé kò fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀ o. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀, irọ́ gbuu ló pa. Láti ìgbà tí irun orí wọn ti dúdú ni wọ́n ti jọ ń jẹ, tí wọ́n jọ ń mu, tí wọ́n jọ ń jà, tí wọ́n sì ń parí ìjà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń da yẹ̀pẹ̀ bo pósí, ọwọ́ ẹni tó mú ṣọ́bìrì ló ń wò, tó ń rò ó lọ́kàn pé ọkùnrin yìí ò mọ ṣọ́bìrì í mú. Gbogbo ara rẹ̀ ló kú, bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí dókítà eyín ṣẹ̀ṣẹ̀ gún lábẹ́rẹ́. Ó ń retí kí abẹ́rẹ́ náà kúrò lára òun, kò kúrò.

Òjò dá, ọyẹ́ dé, kò kúrò. Tíṣà sáyẹ́ǹsì ni kó tó fẹ̀yìn tì, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́ tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, bí ènìyàn bá kí i, á mi orí. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á jẹ ẹ́, kò ní mọ̀ bóyá iyọ̀ wà níbẹ̀. Tẹjú, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, ló wá ní ó tó gẹ́ẹ́.

"Dádì, mò ń bọ̀ ní Sátidé," ó sọ lórí fóònù. "Ẹ ti máa palẹ̀ mọ́. Ẹ ò lè máa dá gbé inú ilé yẹn mọ́. Ọ̀dọ̀ mi lẹ ń bọ̀."

Olúbọ̀dé kò fẹ́ lọ. Nínú gbogbo ohun tó kú lára rẹ̀, èyí nìkan ló ṣì wà láàyè: kò fẹ́ fi ilé yẹn sílẹ̀. Ìdí rẹ̀ gan-an, kò lè sọ ọ́. "Ó dáa," ló sọ, ó sì pa fóònù.

Ayọ̀díjí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló bá a wá ọgbọ́n dá sí i. Ará Ìkìrun ni Ayọ̀díjí, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, alápàárá tó máa ń dá ara rẹ̀ lẹ́rìn-ín. Láti kékeré ni òun àti Olúbọ̀dé ti jọ ń ṣọdẹ.

"Ohun tó ń ba Tẹjú lẹ́rù ni pé o ti di òkú tó ń mí," Ayọ̀díjí wí. "Jẹ́ kó bá ẹ lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ odò ti dé sórí dáàmù. Tó bá wọlé tó bá ẹyẹ lórí iná, tó gbọ́ pé bàbá òun ló lọ pa á wá, ṣé ó tún máa lẹ́nu àtisọ pé o ò lè dá gbé? Òun nìkan ló máa padà."

"Pẹ́pẹ́yẹ yẹn ò ní jẹ́ ká sún mọ́ ọn."

"Ìyẹn la ṣe máa kọ́ ibùba sórí ọkọ̀ ojú omi mi. A ó bo ọkọ̀ náà débi pé koríko ni wọ́n máa pè é."

Ó fi irú èyí tí àwọn òyìnbó ń lò hàn án lórí fóònù, pẹ̀lú irin àti aṣọ aláràbarà. Owó rẹ̀ á ra màlúù. Àwọn bàbá méjèèjì wò ó, wọ́n pa fóònù, wọ́n gbé àdá.

Etí odò tó wà lọ́nà Inisa ni wọ́n ti gé ọparun, èyí tí kò tíì gbó jù, tó ṣì gbọ́ títẹ̀. Wọ́n yá a níná, wọ́n tẹ̀ ẹ́ kọrọdọ, wọ́n gbé e láti etí ọkọ̀ kan dé ìkejì títí ọkọ̀ náà fi ní ìhà bí ẹran. Rọ́bà táyà tí fọkanáísà kan ní gáréèjì Ìkìrun fẹ́ dà nù ni wọ́n là tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n fi so ọparun náà láti ìta. Okùn a máa dún bí ọkọ̀ bá ń mì, rọ́bà kì í dún. Àpò ìrẹsì ni wọ́n tẹ́ sísàlẹ̀ ọkọ̀. Ó wá ku ohun tí wọn yóò tẹ́ lé ọparun lórí kí ewé tó lè dúró.

Olúbọ̀dé wọ yàrá lọ. Ó tú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tó wà lórí ibùsùn tí òun àti Jemima jọ ń sùn, ó ká a sápá, ó gbé e jáde. Ayọ̀díjí wo nẹ́ẹ̀tì, ó wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Nẹ́ẹ̀tì ni," Olúbọ̀dé dáhùn. Wọ́n rì í sínú ẹrẹ̀ títí funfun rẹ̀ fi pa rẹ́.

Orí ewé ni ìjà ti fẹ́ bẹ́. Imọ̀ ọ̀pẹ tó ti gbó ni Ayọ̀díjí gé wá. Olúbọ̀dé gbé ọ̀kan, ó mì í, ó ń dún pàrà pàrà nítorí ọyẹ́ ti gbẹ ẹ́. "Ẹyẹ máa gbọ́ eléyìí láti Inisa," ó ní. Ó bẹ ẹlẹ́mu kan pé kó bá òun bẹ́ màrìwò láti àárín orí ọ̀pẹ. Màrìwò rọ̀, kì í pariwo, àwọ̀ rẹ̀ sì bá ti koríko etí omi tí ọyẹ́ ti pọ́n mu.

"Olúbọ̀dé, a kì í fi màrìwò ṣe irú nǹkan báyìí," Ayọ̀díjí wí. "Ṣé o mọ ohun tí wọ́n ń fi í bò?"

"Pẹ́pẹ́yẹ kì í ṣe ọmọ Òkukù. Kí ló mọ̀ nípa màrìwò?"

"Kì í ṣe pẹ́pẹ́yẹ ni mò ń sọ."

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, ṣùgbọ́n kí ẹni kan tó kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì títí tó fi darúgbó gbọ́ràn sí alápàárá lẹ́nu, ìyẹn le díẹ̀. Màrìwò ni wọ́n fi bò ó.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ní Sátidé, Ayọ̀díjí bá a ti ọkọ̀ sómi. Ó gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ kó má baà dún lé ẹyẹ lọ, ó sì gba Ìkìrun lọ síbi ìsọmọlórúkọ kan. Ó ní òun ò ní pẹ́ dé.

Ibùba náà dára. Ó dára ju bí wọ́n ti rò lọ. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ náà dé, ojú wọn funfun, wọ́n ń súfèé bí wọ́n ti ń bà sómi. Ọ̀kan lúwẹ̀ẹ́ dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ débi pé Olúbọ̀dé ń rí omi tó ń kán láyà rẹ̀. Ó na ṣakabùlà. Ó ń dúró kí àyà rẹ̀ já bó ṣe máa ń já nígbà tí ẹran bá wọ ojú ìbọn. Àyà ò já. Ẹ má pè é ní àánú o, kò ṣàánú ẹyẹ kankan. Kò kàn rí ìyàtọ̀ láàárín pẹ́pẹ́yẹ tó wà láàyè àti èyí tó kú. Ó gbé ìbọn sílẹ̀, àwọn ẹyẹ sì fò lọ nígbà tó wù wọ́n.

Ó ní kóun máa lọ sílé. Ó ti àjẹ̀ jáde lábẹ́ màrìwò, àjẹ̀ há sí nẹ́ẹ̀tì. Ó fà á gìrì, ó já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń léfòó lọ. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ gbé ọkọ̀ lọ sí àárín omi. Rọ́bà tí wọ́n so láti ìta, ọwọ́ rẹ̀ kò tó o láti tú ibùba náà. Kò sì mọ odò wẹ̀.

Kò pẹ́ tí ọkọ̀ àwọn obìnrin méjì tó ń ra ẹja fi ń kọjá. Olúbọ̀dé pariwo pé kí wọ́n gba òun. Ohùn tí kò lò láti oṣù mélòó kan ti há, ó ń rinlẹ̀ lábẹ́ ewé. Ohun tí àwọn obìnrin náà rí ni màrìwò lórí omi, ohun tí wọ́n sì gbọ́ ni màrìwò tó ń sọ̀rọ̀.

"Yéè! Orò ti jáde lọ́sàn-án gangan!" Wọ́n fi ìró bojú, wọ́n ń wa ọkọ̀ lọ láìwo ibi tí wọ́n ń lọ, agbọ̀n ẹja kan sì bọ́ sómi. Apẹja kan tó wà létí omi dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ má bínú, bàbá! Wọn ò sọ fún wa pé ẹ ń jáde lónìí!" Bí Olúbọ̀dé bá ṣe ń ké tó, bẹ́ẹ̀ ni apẹja náà ń fàyà fà sẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ náà pani lẹ́rìn-ín. Olúbọ̀dé mọ̀ pé ó pani lẹ́rìn-ín. Jemima á rẹ́rìn-ín kú. Ó yíjú.

"Jemima!" ó pè, bó ṣe máa ń pè é láti ẹ̀yìnkùlé. "Jemima, wá wo nǹkan!"

Ó tún un pè. Ó pè é lẹ́ẹ̀kẹta, ó sì dákẹ́ kó lè gbọ́ ìdáhùn. Ìgbà náà ni abẹ́rẹ́ kúrò lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì dùn ún. Ó dùn ún débi tó fi ká jọ sórí àpò ìrẹsì, ó sì sunkún bí ọmọdé.

Ibẹ̀ ló wà nígbà tó gbọ́ ohùn lẹ́bàá omi. Tẹjú ti dé, ó ti pe fóònù bàbá rẹ̀, Ayọ̀díjí ló gbé e, àwọn méjèèjì sì jọ wá.

"Àǹtí, ẹ má lọ o," apẹja ń bẹ̀ ẹ́. "Obìnrin kì í wò ó!"

"Bàbá mi ló wà níbẹ̀. Ẹ gbé ọkọ̀ yín wá." Ó yíjú sí Ayọ̀díjí. "Dádì Ìkìrun, ẹ wà á."

Ó gbọ́ àjẹ̀ tó ń bọ̀. Ọwọ́ ọmọ rẹ̀ pín màrìwò sí méjì, ìmọ́lẹ̀ wọlé, ojú Tẹjú sì yọ.

"Dádì, kí ló dé? Ṣé ẹ fara pa ni?"

"Mo pè é, Tẹjú. Mo pè é títí, kò dáhùn."

Tẹjú kò bi í léèrè ẹni tó pè. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ayọ̀díjí fẹ́ gba ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, ó ń kólòlò. "Tẹjú, ṣé o rí i, bàbá ẹ ò mà ṣàárẹ̀ rárá, díẹ̀ ló kù kó pa..."

"Díjí, fi í sílẹ̀," Olúbọ̀dé wí. "Màá bá a lọ." Ó nu ojú rẹ̀, ó kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Àṣé mo ti ń rò pé ìyá rẹ ṣì wà nínú ilé yẹn ni."