Àwọn Owó Íjíbítì Tí Mo Fọ̀

Bàbá mi fẹ́ràn irin ju èèyàn lọ. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí ọmọ sọ bẹ́ẹ̀ nípa bàbá tó ti kú, ṣùgbọ́n kí inú bí ẹni tó bá fẹ́.

Owó idẹ mẹ́rìnlélógún ni irin náà. Íjíbítì ló ti rà wọ́n nígbà ogun Hítílà, nígbà tó ń wakọ̀ fún àwọn sójà òyìnbó. Orí àwọn ọba tó ti kú kí wọ́n tó bí Jésù ló wà lára wọn. Ogun náà kò fún un ní nǹkan mìíràn. Kò gba àmì ẹ̀yẹ, kò ya fọ́tò, ìwé tí wọ́n fún un sì ti bá omi òjò lọ. Ní Mushin tí à ń gbé, bó bá ti ní òun dé Íjíbítì, ẹ̀rín ni wọ́n máa ń rín. Lọ́dún tí ìjọba pààrọ̀ pọ́n-ùn sí náírà, Àǹtí Sàúdátù tó ń gbé yàrá kejì sí wa bẹ̀ ẹ́ pé kó tètè kó tiẹ̀ náà lọ sí báńkì kí ọjọ́ tó kọjá. Bàbá kò bá a sọ̀rọ̀ fún oṣù kan.

Bó ṣe ń tọ́jú wọn, ẹ ó rò pé ọmọ ìkókó ni. Inú agolo bísíkíìtì ni wọ́n wà, lórí kọ́bọ́ọ̀dù, nítorí ilẹ̀ yàrá wa máa ń rin bí òjò bá ti dé. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àpòòwé tirẹ̀. Ó fi èédú díẹ̀ sínú àpò aṣọ kékeré kan sáàárín wọn kó lè máa fa ọ̀rinrin. Lọ́jọ́ Ìsinmi, bí a bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, yóò tẹ́ búláńkẹ́ẹ̀tì sórí bẹ́ẹ̀dì, yóò pe Christopher, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, yóò sì máa kọ́ ọ: etí rẹ̀ ni kí o dì mú, má fi ìka kan ojú rẹ̀, má sọ̀rọ̀ lé e lórí kí itọ́ má baà ta sí i. Èmi a dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bó bá rí mi, á ní kí n lọ wo iná. Ó ní ọwọ́ tó ń lọ ata kò gbọdọ̀ kan owó ọba.

Christopher lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1969, lẹ́tà tó kọ kò sì ju mẹ́ta lọ. Ìyá wa ti kú. Èmi Adùnọlá ni mo ṣẹ́ kù tí mò ń sè, tí mò ń fọṣọ, tí mò ń pọnmi. Síbẹ̀ Bàbá kò pè mí sídìí agolo náà rí.

Lọ́dún 1974, ọ̀gá kan láti ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, Ọ̀gbẹ́ni Àkàngbé, kọ̀wé pé òun ń bọ̀ wá wo àwọn owó náà. Bí wọ́n bá dára, wọn yóò gbé wọn sínú gíláàsì, wọn yóò sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé Gabriel Ọlábọ̀dé, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ló kó wọn ti Íjíbítì bọ̀. Bàbá ka lẹ́tà náà títí ó fi ya níbi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ. Ó fẹ́ kí gbogbo àwọn tó ti fi òun rẹ́rìn-ín lọ kà á. Kí n má parọ́, àánú rẹ̀ ṣe mí.

Lọ́jọ́ tí àlejò ń bọ̀, Bàbá lọ gẹrun. Ó ní kí n gbé agolo náà sórí tábìlì, kí n sì tún ilé ṣe. Mo ti pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí yóò fi í lé mi lọ́wọ́. Inú mi dùn. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Mo ṣí i. Gbogbo owó náà ti hu àwọ̀ ewé bí idẹ tí wọ́n pa tì. Ojú tì mí fún Bàbá. Ta ló ń gbé irú èyí síwájú àlejò? Ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú ni ìyá mi fi ń fọ idẹ bí àlejò bá ń bọ̀. Mo fi ọsàn ra wọ́n, mo fi eérú àti kànrìnkàn gbo wọ́n, etí wọn ni mo sì dì mú. Mo nù wọ́n gbẹ, mo dá kálukú padà sínú àpòòwé rẹ̀. Wọ́n ń dán. Mo ń retí kí Bàbá ní mo káre.

Ọ̀gbẹ́ni Àkàngbé dé láago mẹ́rin. Èmi tí mo ṣì ró ìró tí mo fi ṣiṣẹ́ ilé, mo gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò wọlé. Bàbá ń sọ ìtàn ogun fún un, ohùn rẹ̀ ròkè. Ó tẹ́ búláńkẹ́ẹ̀tì sórí tábìlì, ó ṣí àpòòwé kìíní, ó gbé owó inú rẹ̀ súnmọ́ ojú. Ó ṣí èkejì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí ṣí wọn kíákíá títí gbogbo wọn fi jáde. Àlejò mú ọ̀kan, ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó sì rọra dá a padà.

Ó ṣàlàyé jẹ́jẹ́. Ó ní àwọ̀ ewé yẹn ló bo owó náà fún nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì, òun ló ń dáàbò bò ó, òun ló sì ń jẹ́rìí sí i. Ní báyìí, ojú àwọn ọba náà ti họ, òun kò lè gbé wọn sínú gíláàsì. Ohun tí Christopher ti gbọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì nìyẹn, nígbà tí mo wà nídìí iná.

"Bàbá, ta ló fọ̀ wọ́n?" Àlejò náà ló bi í.

Bàbá wò mí. Mo rò pé yóò gbá mi létí, mo sì ti múra sílẹ̀. Ó gbójú kúrò lára mi.

"Ọmọ ọ̀dọ̀ ni, ọ̀gá. Ará oko ni, kò mọ nǹkan kan. Ọmọ tèmi ò lè ṣe irú ẹ̀ láé."

Mo ń nu omijé, mo sì sin àlejò dé ẹnu ọ̀nà bí ọmọ ọ̀dọ̀ ṣe ń ṣe, Bàbá ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọkùnrin náà káàánú mi. Ó tọwọ́ bọ àpò, ó fún mi ní kọ́bọ̀ mẹ́wàá.

"Má sunkún mọ́. Ọ̀gá ẹ ò ní lé ẹ."

Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, mo ní ẹ ṣé, sà. Mo pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀ kí Bàbá lè ráyè sọ ọ́, pé ọmọ òun ni mí. Àlejò wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ. Bàbá ní kí n wá kó àwọn ìgò kúrò lórí tábìlì.