Búlọ́ọ̀nù Tí Mo Fi Ṣoore

Èmi ni mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ òyìnbó náà fún Àlájà Kadidjatou, nítorí náà n kò lè sọ pé n kò mọ̀.

Ní Parakou ni, ní oṣù kọkànlá ọdún 1997. Òyìnbó náà ti wa jíìpù rẹ̀ la aṣálẹ̀ kọjá, ó gba bodè Malanville wọlé, ó sì fẹ́ tà á kí ó tó wọ bàálù padà sílé. Àlájà ń ra kajú àti iṣu káàkiri àwọn abúlé Tchaourou, èmi sì ni díráífà rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni ó ń rìn, ọ̀nà Kika sì nìyẹn, iyanrìn lẹ́ẹ̀rùn, ẹrẹ̀ lójò. Ó fẹ́ràn jíìpù náà. Táyà rẹ̀ nìkan ni kò yé e. Lára táyà kọ̀ọ̀kan, òrùka irin kan wà níta, tí wọ́n fi búlọ́ọ̀nù, ìṣó tí à ń fi sípánà yí, mẹ́rìnlélógún dè mọ́ irin àárín. Ó bi mí pé ṣé ọ̀ṣọ́ ni.

Òyìnbó náà ní kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ó ní tí iyanrìn bá jìn, èèyàn á dín afẹ́fẹ́ táyà kù kí ó lè tẹ́ lórí ilẹ̀. Táyà mìíràn á yọ kúrò lára irin rẹ̀, ṣùgbọ́n òrùka yìí á dì í mú. Ó ní mọ́tò aṣálẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Ẹni tó bá fẹ́ máa fi rìn lójoojúmọ́ ní láti máa yẹ àwọn búlọ́ọ̀nù wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ó yí gbogbo wọn le bákan náà. Bí ọ̀kan bá sì sọnù, kí ó fi òmíràn sí i lọ́jọ́ náà gan-an. Mo túmọ̀ rẹ̀ láìfi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Inú mi dùn sí Faransé mi. Ọdún 1989 tí ilé ìwé tì pa ni mo ti kúrò ní kíláàsì. Ìgbà tí Renouveau, ìjọba tuntun tí a dìbò yàn, dé ni mo tó rí ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ wọ̀, ọdún mẹ́ta gbáko, pẹ̀lú ọwọ́ tí ọṣẹ ti bó nítorí pé mọ́tò ni mo ń fọ̀ lójúmọmọ.

Àlájà ní, "Imorou, ìwọ lo gbọ́ ọ. Ọwọ́ rẹ ni mo fi í lé."

Ní Tchaourou, Nafiou tó ń lẹ táyà nítòsí ibùdó rélùwéè ni mo gbé iṣẹ́ náà fún. Èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni. Ní gbogbo àárọ̀ Jímọ̀ ó máa ń mú sípánà nọ́ńbà mẹ́tàlá, á yí ọ̀kan, á bọ́ sí èyí tó dojú kọ ọ́, á sì fi ẹfun sàmì sí èyí tó bá ti yí. Kò kánjú rí.

Ní oṣù kejì ọdún tó tẹ̀lé e ni mo yọ ìkíní. A dé Alafiarou, Àlájà wọ agbo ilé kan lọ láti wo kajú, mo sì dúró lẹ́bàá ẹ̀rọ tí àwọn obìnrin fi ń lọ àgbàdo. Ẹ̀rọ náà dákẹ́. Búlọ́ọ̀nù kan ti já lára rẹ̀, bàsíà sì tò láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí igi. Kafilatou, ẹni tó ń mójú tó ẹ̀rọ náà, wo táyà mi títí, ó ní, "Ẹ wo bí búlọ́ọ̀nù ṣe pọ̀ lẹ́nu mọ́tò yìí. Bí ọkọ mi bá ní eyín tó tó báyìí, ì bá ti jẹ mí tán." Òmíràn ní kí ó má wulẹ̀ bẹ̀ mí, pé díráífà Àlájà kò mọ̀ ju kí ó fọn fèrè lé ewúrẹ́ lórí lọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Mo rántí ìyá mi ní ọdún 1983 tí òjò kọ̀, tí ẹ̀rọ kò sí, tí ó ń fi ọlọ lọ ọkà bàbà tí a yá, tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ya ní ọ̀nà méjì, tí ó sì fi òrí dí i. Mo mú sípánà nọ́ńbà mẹ́tàlá, mo tú ọ̀kan lára táyà ẹ̀yìn. Búlọ́ọ̀nù náà wọ ibẹ̀ bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n ti bí i. Nígbà tí ẹ̀rọ náà pariwo, àwọn obìnrin dìde, wọ́n ń ṣàdúrà fún mi. Ẹnikẹ́ni kò tíì dìde fún mi rí láyé mi.

Mo sọ fún ara mi pé mẹ́tàlélógún á dì í mú. Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀rọ omi Kika, ọ̀kan, lẹ́yìn náà òmíràn. Lẹ́yìn èyí ni Yessoufou, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ní Tchatchou, tí irin ìtúlẹ̀ tí màlúù ń fà fún un já ní àárín oko: méjì. Orúkọ mi wá ń rìn ṣáájú mọ́tò. Èèyàn á dá wa dúró lójú ọ̀nà, kì í ṣe Àlájà ni wọ́n ń wá. Nígbà tí oṣù keje fi máa dé, mẹ́sàn-án ti lọ, gbogbo rẹ̀ láti ara táyà ẹ̀yìn, lápá òsì. Apá ọ̀tún ni Àlájà ń gbà wọlé. Mo fi gíríìsì àti iyanrìn dí ojú ihò náà kí ó lè dà bí orí búlọ́ọ̀nù.

Ojú Nafiou ni n kò lè fi gíríìsì dí. Jímọ̀ àkọ́kọ́ ló ti bi mí. Mo ní Àlájà mọ̀ sí i, pé ó ti ránṣẹ́ sí Cotonou fún tuntun. Ó gbà á gbọ́. Nígbà tí ó di mẹ́sàn-án, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má dín afẹ́fẹ́ eléyìí kù mọ́ o, títí wọn á fi dé."

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e, ẹrẹ̀ mú wa ní ọ̀nà Kika, mo sì dín in kù. A yọ. Ó yẹ kí n fẹ́ ẹ padà kí a tó gun ọ̀nà ọ̀dà, ṣùgbọ́n Àlájà fẹ́ bá ìrun ọ̀sán ní Tchatchou. A kò tíì rìn jìnnà lórí ọ̀dà náà nígbà tí òrùka náà là níbi tí kò ti sí ohun tó dè é, tí táyà bọ́, tí jíìpù sì yí wọ oko iṣu kan. Apá ọ̀tún Àlájà kán.

Ó jókòó sábẹ́ igi kajú, ó gbé apá náà lé itan. Kò sunkún. Ó bi mí pé, "Ta ló yẹ táyà yìí wò kẹ́yìn?"

Mo ní, "Nafiou ni."

Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tó fi yá mi lẹ́nu.

Láàárín ọjọ́ mélòó kan, kò sẹ́ni tó gbé táyà lọ sọ́dọ̀ Nafiou mọ́. Àwọn ọlọ́kadà ibùdó rélùwéè ń sọ fún ara wọn pé, ẹni tó bá fẹ́ kí táyà òun ṣáájú òun délé, kí ó lọ sọ́dọ̀ Nafiou. Ilẹ̀ tó ti ń ṣiṣẹ́, ilẹ̀ bàbá Àlájà ni. Tonton Oumarou, ẹ̀gbọ́n Àlájà, sì ti sọ pé kí ó kó ẹrù rẹ̀ kúrò níbẹ̀ tí wọ́n bá ti gbọ́ ẹjọ́ náà lọ́jọ́ Jímọ̀. Nafiou wá sílé mi lọ́jọ́ Ajé. Ó mu omi tí ìyàwó mi gbé fún un. Ó ní òun mọ̀ pé mo máa ṣàlàyé fún Àlájà nígbà tí ara rẹ̀ bá balẹ̀ díẹ̀, òun kàn wá kí mi ni. Ó ní Chadia, ìyàwó òun, kí mi. Ọjọ́ mẹ́rin ló kù di Jímọ̀. N kò lo ìkankan nínú wọn.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, a pé sí àgbàlá Àlájà. Nafiou sọ tirẹ̀ ní kúkúrú: búlọ́ọ̀nù dín ní mẹ́sàn-án, òun sì ti sọ fún mi. Tonton Oumarou yíjú sí mi. Mo ní n kò rántí pé ó sọ ọ́. Ẹnu mi ni Nafiou ń wò, bí ẹni pé ó ń dúró de ọ̀rọ̀ tó kù.

Ibẹ̀ ni Kafilatou ti wọlé pẹ̀lú obìnrin méjì, ẹrẹ̀ ọ̀nà Alafiarou lẹ́sẹ̀ wọn. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n bá Àlájà kẹ́dùn apá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tú etí ìró rẹ̀, ó yọ búlọ́ọ̀nù kan, ó gbé e sórí ẹní níwájú Àlájà. Ìyẹ̀fun ṣì wà lára búlọ́ọ̀nù náà.

Ó ní, "Àlájà, a gbọ́ pé búlọ́ọ̀nù ló dín lára mọ́tò yín. Imorou ló fún wa ní eléyìí lóṣù kejì. Oore ló ṣe wá. A kò fẹ́ kí wọ́n bá a wí nítorí tiwa. Ẹ̀rọ lè dúró, ọlọ ṣì wà nílé."

Yessoufou wà láàárín àwọn tó wá gbọ́ ẹjọ́. Ó ki ọwọ́ bọ àpò agbádá, ó fi méjì lé e. "Tèmi rèé. Mo ti rò pé ẹ mọ̀, Àlájà." Ó tún sọ pé àwọn ará Kika ti wà lójú ọ̀nà, wọ́n ń kó tiwọn bọ̀.

Àlájà fi ọwọ́ òsì mú búlọ́ọ̀nù Kafilatou, ó yí i wò, ó fi àtàǹpàkò nu ìyẹ̀fun kúrò lára rẹ̀.

"Imorou, ìwọ lo túmọ̀ ọ̀rọ̀ òyìnbó fún mi ní Parakou. Túmọ̀ rẹ̀ fún Nafiou."

Mo túmọ̀ rẹ̀. Mo sọ ti iyanrìn, mo sọ ti afẹ́fẹ́, mo sọ ti ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. N kò fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi tí ó ti ní bí ọ̀kan bá sọnù, kí a fi òmíràn sí i lọ́jọ́ náà gan-an, mo rí i tí ọ̀rọ̀ náà yé Kafilatou. Ó fa gèlè rẹ̀ bojú. Rírìn tó rìn láti Alafiarou, láti gbà mí sílẹ̀ ni.

Àlájà na búlọ́ọ̀nù náà padà sí i. "Mú un lọ. Ẹ lọ lọ àgbàdo yín. Ẹ̀yin kọ́ lẹ jalè."

Mo gbé kọ́kọ́rọ́ jíìpù sórí ẹní kí ẹnikẹ́ni tó béèrè rẹ̀. Nafiou dìde, ó kí àwọn àgbà, ó lọ ṣí ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, mo fẹsẹ̀ rìn lọ sí ibùdó rélùwéè, mo sì sọ fún àwọn ọlọ́kadà ohun tí mo ṣe. Ẹni kan rẹ́rìn-ín. Àwọn yòókù ń wo ilẹ̀. Nafiou ń lẹ táyà kẹ̀kẹ́ kan nígbà náà. Kò gbé orí sókè.

Àgbẹ̀ ni mí báyìí, ní ìhà Alafiarou. Tí mo bá gbé àgbàdo dé ibi ẹ̀rọ, Kafilatou máa ń lọ̀ ọ́ fún mi kúnná, ó sì máa ń dá mi lóhùn tí mo bá kí i. Kò bá mi ṣẹ̀fẹ̀ mọ́. Búlọ́ọ̀nù náà ṣì wà lápá òsì ẹ̀rọ náà, ó dúdú ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Tí ẹ̀rọ bá ń gbọ̀n, gbogbo yòókù a máa tú díẹ̀díẹ̀, wọn a sì yí wọn le. Ìyẹn kò tíì tú rí.