Àga Tó Ń Rìn Lórí Òrùlé

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí oorun ṣe dùn tó, kó lọ bi ẹni tí kò rí i sùn. Nọ́ọ̀sì tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe ní ọsibítù. Àárọ̀ ló ń di alẹ́ tirẹ̀. Bí àwọn ẹlòmíì bá ń bọ́jú, tí wọ́n ń wá bàtà wọn kiri, òun ń fa kọ́tìnnì, ó ń gbé ẹsẹ̀ tó ti wú lé orí ìrọ̀rí. Kò bẹ Ọlọ́run fún mọ́tò, kò bẹ̀ ẹ́ fún ilé. Oorun ló ń bẹ̀ fún. Àbí oorun náà ti pọ̀ jù lóhun téèyàn lè tọrọ?

Yàrá tó ń gbé wà lẹ́yìn ilé alájà kan, wọ́n kàn lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lára ni. Òrùlé pẹrẹsẹ ló ní. Pákó ni wọ́n tò, wọ́n wá da ọ̀dà dúdú lé e. Nítorí òjò ni wọ́n ṣe ṣe é, wọn ò ṣe é fún ẹsẹ̀ èèyàn. Ṣùgbọ́n fèrèsé àwọn ayálégbé òkè kọjú sí òrùlé yìí, ó sì fẹ̀ tó ohun téèyàn lè gbà jáde. Ọjọ́ tí agẹrun kan àti ìyàwó rẹ̀ ti kó wọbẹ̀, orí Nọ́ọ̀sì ti di àgbàlá. Wọ́n ń sá aṣọ síbẹ̀. Ọmọ wọn ń gbá bọ́ọ̀lù síbẹ̀. Wọ́n tún gbé àga síbẹ̀, àga yẹn gan-an sì ni bàbá gbogbo ẹ̀. Bí oorun bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé Nọ́ọ̀sì lọ báyìí, á gbọ́ kẹ̀rẹ̀rẹ̀rẹ̀ lókè, wọ́n ń wọ́ àga. Á yíjú sí ògiri. Á tún fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn. Kẹ̀rẹ̀rẹ̀rẹ̀! Apá ẹnu ọ̀nà ni àga yìí ti ń gbéra láàárọ̀, nígbà tó bá fi máa di ọ̀sán, á ti dé ọ̀gangan orí ibùsùn. Irú àga wo ló ń rìn báyìí? Ibo ló ń lọ gan-an?

Ká ní àìsùn nìkan ni, ì bá fara dà á. Ọ̀rọ̀ ti dé ibi iṣẹ́. Ó gbé oògùn aláìsàn kan, ó fẹ́ẹ́ fún ẹlòmíì. Ọpẹ́lọpẹ́ ẹni yẹn tó ní, "Nọ́ọ̀sì, tèmi kì í ṣe pupa." Mátírọ̀n pè é sí kọ̀rọ̀. Kò pariwo, ìyẹn ló tiẹ̀ burú níbẹ̀.

"Mo gbójú fo èyí," ó ní. "Bó bá tún ṣẹlẹ̀, ilé lò ń lọ."

Ilé wo? Iṣẹ́ yìí ló ń bọ́ ọ. Ó sì ti dàgbà kọjá ẹni tí wọ́n ń tún gbà síbòmíì.

Ó fẹjọ́ sun onílé. Onílé ní ọ̀rọ̀ tútù ló ń yọ obì lápò, pé kó fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá wọn sọ ọ́. Ohùn pẹ̀lẹ́! Ẹni tí oorun ń pa, ibo ló ti fẹ́ rí ohùn pẹ̀lẹ́? Síbẹ̀ ó gòkè lọ. Bó ṣe ń gun àtẹ̀gùn, ó ń to èébú lẹ́sẹẹsẹ sẹ́nu. Àfi bí ìyàwó agẹrun ṣe ṣílẹ̀kùn.

"Háà, ẹ káàárọ̀ mà! Ẹ kú iṣẹ́ àná o! Ẹ mà kú àìsùn! Ṣé ẹsẹ̀ ò dùn yín jù?"

Ta ló fẹ́ bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ jà? Nọ́ọ̀sì ń dáhùn, "A dúpẹ́, a dúpẹ́ o," títí gbogbo èébú fi tán lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohun tó rí sọ kò ju pé, "Ìró bàtà yẹn ń dún díẹ̀ lórí mi." Díẹ̀, ẹ gbọ́ ná!

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú mà. A ò ní wọ bàtà síbẹ̀ mọ́."

Wọn ò sì wọ̀ ọ́ mọ́ lóòótọ́. Ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n ń rìn láti ọjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n àga ò wọ bàtà tẹ́lẹ̀, kí ló fẹ́ bọ́? Kẹ̀rẹ̀rẹ̀rẹ̀, ó ń bá tirẹ̀ lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, òjò ti rọ̀ dá, Nọ́ọ̀sì tibi iṣẹ́ dé, ó bá ìrọ̀rí rẹ̀ tó rin gbingbin. Ọ̀dà orí òrùlé ti là, omi ti wọlé. Ó yí ìrọ̀rí padà, ó fi orí lé e báyìí, kẹ̀rẹ̀rẹ̀rẹ̀! Inú bí i. Ó so ìró mọ́yà, ó gòkè, kò kan ilẹ̀kùn, kò dúró gba ìkíni kankan. Ó la yàrá wọn kọjá, ó yọrí sí fèrèsé.

Ìyá arúgbó kan ló rí. Ó jókòó sórí àga, ó na ẹsẹ̀ kan lé àpótí, ó dijú, ó gbójú sókè sí oòrùn. Òjìji ilé gíga ẹ̀gbẹ́ wọn ti bo ìdajì òrùlé, ó ti dé etí aṣọ ìyá náà.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí n fa màmá ọkọ mi kúrò nínú òjìji ná," ìyàwó agẹrun tó dúró lẹ́yìn àga ní. Ó fa àga. Kẹ̀rẹ̀rẹ̀rẹ̀.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń wọ́ wọn kiri báyìí?"

"Nọ́ọ̀sì kan ló ní ká máa ṣe é, láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n dá wọn sílẹ̀ ní ọsibítù. Wọ́n ṣubú, egungun itan wọn ló dá. Ó ní ká rí i pé oòrùn ń ta sí wọn lára lójoojúmọ́, ká má jẹ̀ẹ́ kí òjìji bò wọ́n. Èèyàn dáadáa ni, àmọ́ ó bo imú bo ẹnu, n ò rójú ẹ̀. Yàrá kan ṣoṣo sì la ní. Ibo la fẹ́ gbé wọn sí?"

Nọ́ọ̀sì wo ìyá náà dáadáa, ó dá a mọ̀. Gbogbo aláìsàn tó ń relé ló ń sọ ọ̀rọ̀ oòrùn yìí fún. Kò bi ẹnì kankan nínú wọn rí pé ṣé oòrùn tiẹ̀ ń dé ibi tí wọ́n ń gbé. Ojú tì í. Ìbínú tó gbé gòkè kò rí ẹni tó máa gbé e fún. Ó jókòó sétí fèrèsé.

"Èmi ni," ó ní. "Èmi ni nọ́ọ̀sì yẹn."

"Yéè!" ni ìyàwó agẹrun ké.

Ìyá arúgbó lajú. "Ohùn yẹn náà ni. Òun ló jókòó tì mí lóru tí mò ń sunkún."

"Màmá, òrùlé yìí ò lágbára o. Bó bá jìn, orí ibùsùn mi lẹ máa bọ́ sí."

"Ṣé ibùsùn náà nípọn?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tó ti rẹ̀. Nọ́ọ̀sì wá ní kí wọ́n máa gbé màmá wá sí ẹnu ọ̀nà òun, oòrùn ń dé ibẹ̀ dáadáa láàárọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, kí agẹrun tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó pọn ìyá rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì gbé àga tẹ̀lé e. Nọ́ọ̀sì dùbúlẹ̀, ó ń rò ó pé òun ti kó bá ara òun. Ariwo tó wà lókè tẹ́lẹ̀, òun ló fọwọ́ ara òun gbé e wá sétí ilẹ̀kùn. Kò pẹ́, ẹnì kan ń kọjá lọ, ó ń kígbe kí màmá.

"Rọra!" màmá ní. "Ọmọ mi ń sùn níbí."

"Ọmọ yín? Ìgbà wo lẹ bí òmíì?"

"Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀? Máa lọ jẹ́jẹ́."

Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pe obìnrin yìí lọ́mọ. Nọ́ọ̀sì ni níbi iṣẹ́, ayálégbé ẹ̀yìn ni nílé. Ó fa aṣọ bo orí, ó sunkún díẹ̀, ibẹ̀ ni oorun ti gbé e lọ.

Nígbà tó jí, ọjọ́ ti rọ̀. Ó ṣílẹ̀kùn. Màmá ṣì wà níbi tí wọ́n gbé e sí láàárọ̀. Òjìji ti bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó fi aṣọ wé ara, ọwọ́ rẹ̀ tutù nini. Oòrùn wà lódìkejì, ibi tí àga lè dé.

"Màmá! Kí ló dé tí wọn ò fà yín síbẹ̀ yẹn?"

"Èmi ni mo ní kí wọ́n má fa àga," màmá ní. "Ó máa ń dún."