Èkó Kò Wú Àlejò Lórí

"Tiwa tóbi ju èyí lọ," ni Inácio wí, ó sì kẹ̀yìn sí ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà bí ẹni tí wọ́n gbé ọbẹ̀ àná síwájú rẹ̀.

Candido mí kanlẹ̀. Ọjọ́ kẹta rèé tí ó ti ń mú ọkùnrin yìí, tó ti Brazil wá, wo Èkó. Wọ́n dé Màrínà, Inácio ní omi tiwọn mọ́ ju èyí lọ. Wọ́n gun orí afárá, ó yán, ó bèèrè ìgbà tí àwọn yóò jẹun. Èdè Potogí ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, èyí tí bàbá Candido fi pàṣán kọ́ ọ, nítorí Inácio kò gbọ́ Yorùbá.

Ìgbéraga àlejò nìkan kọ́ ló ń dun Candido. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni bàbá rẹ̀ àti bàbá-bàbá Inácio, ní Bàhíà, ní ilẹ̀ Brazil, níbi tí wọ́n kó àwọn òbí wọn lẹ́rú lọ. Ọjọ́ tí bàbá Candido ní òun ń padà sílé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rẹ́rìn-ín sí i: "Igbó lò ń lọ. Ibẹ̀ lo máa sọnù sí." Bàbá Candido gbé ọ̀rọ̀ náà wọ ọkọ̀, ó gbé e wọ sàréè. Candido wá jogún rẹ̀ pẹ̀lú ayùn àti òòlù. Ó ti pé ẹni ọgọ́ta ọdún, kò tíì dárí ji ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó ti kú. Ohun tí Inácio bá lọ sọ ní Bàhíà ni yóò parí ẹjọ́ ọ̀hún.

Ló bá mú un lọ sí Pópó Àgùdà, síwájú ilé tí bàbá rẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀kùn àti fèrèsé rẹ̀, tí òdòdó ara igi náà dà bíi kí èèyàn já a.

"Bàbá mi ló gbẹ́ ẹ."

Inácio fi ìka kan kàn án. "Ó dára. Ọ̀dọ̀ wa ló ti kọ́ ọ."

Ọ̀dọ̀ wa! Àlejò lójú, kò fi ríran; ṣùgbọ́n ta ló ní kí ó wá fi ẹnu náà tẹ bàbá ẹni mọ́lẹ̀? Candido gba Ìdúmàgbò lọ kíákíá, kò dúró de ẹnikẹ́ni. Kò tún ní fi nǹkan kan han ọkùnrin náà mọ́ títí ọkọ̀ yóò fi gbé e lọ.

Inácio ń tẹ̀ lé e, ó ń wo òrùlé. Nígbà tí wọ́n dé ìdí ẹ̀rọ omi, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbá korobá kan. Omi dà.

"Ojú ẹ fọ́ ni?" Sàdíátù, tó ni korobá, ló figbe ta. "Omi tí mo tò fún láti àárọ̀! Ò ń wòkè bí ẹyẹlé tó ń wá òrùlé! Orí burúkú wo ló gbé ẹ wá síbí, ẹlẹ́sẹ̀ gbọọrọ bí àkàsọ̀?"

Àwọn obìnrin tó tò síbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Inácio kò kúrò nínú omi náà. Ètè rẹ̀ ń mì.

"Omi," ló wí. "Orí. Ẹsẹ̀."

Ó yíjú sí Candido. "Kí ló ń sọ?"

"Ó ń bú ọ." Inú Candido dùn díẹ̀.

"Ní èdè wo?"

"Yorùbá. Èwo tún ni?"

Inácio wo àwọn obìnrin náà lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ìyá-ìyá mi mọ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Orí ìkúnlẹ̀ ló ti máa ń sọ wọ́n, pẹ̀lú ilẹ̀kùn títì. Àwa kàn ń kọ wọ́n lórin ni, ọ̀pọ̀ wọn ò yé wa." Ó tọ́ka sí ilẹ̀ tútù. "Òun ń fi wọ́n jà nítorí korobá?"

Candido wá inú rẹ̀ fún ìbínú tó kó dé ibẹ̀. Ó wà, ṣùgbọ́n kò rí ibi tí yóò ti gbá a mú. Ṣọ́ọ̀ṣì, fèrèsé, òdòdó ara igi: ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi ń fi ohun tí ọkùnrin náà ti ní nílé ní Bàhíà hàn án.

Sàdíátù ti bẹ̀rẹ̀ láti gbé korobá rẹ̀.

"Ṣé ó ti parí?" ni Inácio bèèrè, ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

Candido, ẹni tí kì í bẹ èèyàn, súnmọ́ obìnrin náà.

"Sàdíátù, jọ̀ọ́, má tíì dákẹ́."

"Bàbá Káfíńtà, kí lẹ wí?"

"Máa bú u lọ. Rọra máa sọ ọ́. Ó ń gbọ́."